Nọ́ńbà Méjì Orí Káàdì Aboyún

Ẹni tó bá ti kàwé dé ojú ìwé yìí, ó ti lè ka káàdì aboyún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n fún ní káàdì yìí ní ọ́sípítù, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì bí ẹni tọ́jú owó, tí wọ́n sì bímọ tán láìmọ ohun tí nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀. Lónìí a fẹ́ ṣí káàdì náà kí a jọ kà á. Àìsàn kan wà tó ń pa aboyún, orí káàdì ló sì ti máa ń kọ́kọ́ fara hàn kí ó tó fara hàn lára. Àìsàn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún.

Ẹ wo káàdì náà. Ẹ ó rí ibi tí a kọ BP sí. Àmì agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni lẹ́tà méjèèjì yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà méjì sí, tí ìlà kan dá wọn láàárín, báyìí: 110/70. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, tí a ń pè ní ti òkè, ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Nọ́ńbà kejì, ti ìsàlẹ̀, ni agbára tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún fún un. Ẹni tó ti di rọ́bà omi mú rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi tán, rọ́bà á le lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá dín in kù, á dẹ̀. Bí omi bá ń fi agbára tó pọ̀ jù ti rọ́bà lọ́sàn-án lóru, ibì kan yóò bẹ́.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ apá yín, tó ń fún apá pinpin, òun ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìfúnpá. Dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ló ṣe irú èyí tí a ń dì mọ́ apá ní 1896. Kò dunni, kò sì pẹ́. Kí ẹ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ má ṣe sáré wọlé láti inú ọkọ̀ kí ẹ na apá. Bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé láti wọ̀n ọ́n, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí. Kò ní bínú. Bí ó bá tilẹ̀ bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú.

Nọ́ńbà wo ló wá burú? Ẹ fi èyí sórí: 140 lókè, tàbí 90 nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá dé ibẹ̀, tí wọ́n tún un wọ̀n tí kò wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ aboyún náà ti ru nìyẹn. Kò dìgbà tí méjèèjì bá ga. Bí ti òkè bá dé 160, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 110, iná ti mú òrùlé nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Aṣọ àǹkárá ló ń tà lọ́jà. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kọ 110/70. Ní oṣù kẹfà, ó kọ 118/76. Ní oṣù keje, 132/86. Ìyàwó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀! Kò tíì dé 140, òótọ́ ni, àmọ́ ó ń gòkè. Nígbà tó wọ oṣù kẹjọ, nọ́ọ̀sì kọ 148/98. Ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ++ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a kọ Protein sí. Ó ní kí ó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ìyàwó dúró títí, ó rántí ọjà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

A kò fẹ́ bá a wí jù. Ta ni nǹkan kan kò dùn tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì di ìrọ̀lẹ́? Ibà á mú ara gbóná, ehín á ro ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru a máa wọlé bí olè ni, kì í kanlẹ̀kùn.

Àmì ++ yẹn ńkọ́? Protein ni èròjà aṣaralóore tó wà nínú ẹyin, ẹ̀wà àti ẹran. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa náà. Kíndìnrín ni asẹ́ tó ń sẹ́ ìtọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀. Bí asẹ́ bá ti ń ya, protein á jò bọ́ sínú ìtọ̀. Láyé àwọn ìyá wa, kí bébà yìí tó dé, ńṣe ni nọ́ọ̀sì ń se ìtọ̀ nínú ìgò kékeré lórí iná. Bí protein bá wà níbẹ̀, á dì funfun bí ẹyin tí a sè. Lónìí, àwọ̀ bébà ló ń yí padà. Bí kò bá sí protein, wọ́n á kọ Nil. Bí ó bá wà, wọ́n á kọ +, bí ó bá pọ̀ sí i, ++ tàbí +++.

Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Obìnrin kan ti lè ní in kí ó tó lóyún. Kò kàn mọ̀ ni, nítorí kò wọ̀n ọ́n rí. Òmíràn, ara rẹ̀ dá ṣáṣá títí oyún fi pé ọ̀sẹ̀ 20, ìyẹn bí oṣù márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ wá ru, ṣùgbọ́n ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọ́sípítù déédéé. Oríṣi kẹta ni ti ìyàwó wa yìí: ẹ̀jẹ̀ ru lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, protein sì ń jò. Pre-eclampsia ni àwọn dókítà ń pè é. A kọ ọ́ síbí kí ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i lórí káàdì. Nígbà mìíràn ìtọ̀ á mọ́, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ má sọ pé ó fẹ́ ta á.

Níbo ni àìsàn yìí ti ń wá? Lára ibi ọmọ ni. Gbogbo wa la mọ ibi ọmọ. Òun ló ń bọ́ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Bí a bá bímọ tán, a ó rì í mọ́lẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oyún, ó yẹ kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún ibi ọmọ fẹ̀ dáadáa, bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a sọ di ọ̀nà ọkọ̀. Lára àwọn obìnrin kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ebi á máa pa ibi ọmọ. Yóò wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn èròjà yìí á sì máa ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti ọpọlọ dé ẹ̀dọ̀ dé kíndìnrín. Àjẹ́ kọ́. Ọwọ́ ayé kọ́. Kì í sì í ṣe pé obìnrin náà ṣẹ̀.

Ó lè mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn kan ju àwọn kan lọ: ẹni tó lóyún àkọ́kọ́, ẹni tó ti ṣe é rí, ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe é rí, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹni tó sanra jù, àti ẹni tó ti lé ní ọdún 35. Ẹni tó lóyún ìbejì náà wà lára wọn, èyí sì kan àwa Yorùbá gidigidi. Àwa wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé; ẹ bi àwọn ará Igbó-Ọrà wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyàwó. Lọ́jọ́ kẹrin tó ti ọ́sípítù dé, ó jí, ojú rẹ̀ wú, òrùka kò yọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan, ọ̀pọ̀ aboyún tí ara wọn dá ló ń ní in. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyàwó mi, ìbejì ló wà níbẹ̀ o! Bí mo ṣe wú nìyí nígbà tí mo lóyún Táyé àti Kẹ́hìndé."

"Àmín, Màmá. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi láti àná. Mo lo paracetamol, kò lọ."

"Pẹ̀lẹ́. Oòrùn ọjà ni. Lọ dùbúlẹ̀."

Màmá yìí ti ń lọ sí kíláàsì àgbà láti oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tó ń ká aṣọ ìyàwó, káàdì já bọ́ nínú báàgì. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ṣe ń ka gbogbo nǹkan, títí kan ara páálí ọṣẹ. Ó ka 110. Ó ka 118. Ó ka 132. Ó dé 148, ó dúró.

"Ìyàwó, kí ni nọ́ọ̀sì sọ nígbà tó kọ èyí?"

"Wọ́n ní kí n rí dókítà, Màmá. Èrò ló pọ̀. Mo ní tí ọjà bá ti kọjá..."

"Ojú ńkọ́? Ṣé ò ń ríran dáadáa?"

"Ó ń ṣe mí bàìbàì, Màmá. Ó dà bí ẹni pé iná ń tàn pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ níwájú mi."

Màmá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kí ó wá pẹ̀lú ọkọ̀.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n dúró dọ̀la? Gìrì ni. Eclampsia ni àwọn dókítà ń pè é, ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó ń sọ nípa ìmọ́lẹ̀ tó kọ yẹ̀rì lójijì bíi mànàmáná, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá. Obìnrin á ṣubú, ara á le gbagidi, á máa gbọ̀n, kò ní mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣan lè bẹ́ nínú ọpọlọ kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú un. Kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró kí ó máa mí gúlegúle. Ẹ̀dọ̀ lè wú kí ẹ̀jẹ̀ má sì lè dì mọ́. Ẹni tí èyí ń bọ̀ wá bá sábà máa ń ní irora lókè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, á sì máa bì, àwọn èèyàn á ní inú kíkùn lásán ni. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ kí ọmọ tó wáyé: ikùn á le bí igi, á máa dùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè máa wá lójú ara. Ọmọ tí kò jẹun yó nínú lè kéré, ó lè tètè wáyé ju ìgbà rẹ̀ lọ, ó sì lè kú sínú. Ìyá náà lè kú. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, ó sì tó kí ẹ gbọ́ ọ.

Bí gìrì bá mú aboyún lójú yín, ẹ má sá lọ. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde, kí ó má bàa dí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ má fi agbára di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ má rọ omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu. A mọ̀ pé àwọn kan ń fún ẹni tí gìrì mú ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, àwọn mìíràn sì ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Àgbo á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ màlúù náà sì ní oró tirẹ̀. Iná á kàn fi egbò kún àìsàn ni. Gìrì náà sábà máa ń dá láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bó bá dá, ẹ má sọ pé ó ti tán, nítorí òmíràn lè tẹ̀lé e. Ọ́sípítù ló kàn, ní òru ni o, ní ọ̀sán ni o. Nítorí èyí ni ó ṣe yẹ kí owó ọkọ̀ àti nọ́ńbà fóònù dírẹ́bà kan wà nílẹ̀ láti oṣù keje.

Ní ọ́sípítù, nọ́ńbà ìyàwó wa ti di 166/112. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate kí gìrì má bàa dé. Iyọ̀ kan ni magnesium sulphate. Òun náà ni Epsom salt tí àwọn kan ń mu láti fi fọ inú, ṣùgbọ́n mímu rẹ̀ kò lè dá gìrì dúró. Abẹ́rẹ́ ni, ó sì ní ìwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó ń fi òòlù kékeré lu orúnkún aboyún, tó ń ka èémí rẹ̀, tó sì ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó ń ṣọ́ ọ kí oògùn má pọ̀ jù. Ní 1995, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé oògùn yìí dára ju àwọn oògùn gìrì mìíràn lọ fún eclampsia. Ní 2002, òmíràn tí wọ́n pè ní Magpie jáde. Obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33 ló kópa nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé bí a bá fún ẹni tó ní pre-eclampsia ní abẹ́rẹ́ yìí kí gìrì tó dé, ewu gìrì á dín kù ju ìdajì lọ.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá aboyún mu. Lisinopril, fún àpẹẹrẹ, lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó ti ń lo oògùn kí ó tó lóyún, kí ó tètè mú páálí rẹ̀ lọ han dókítà. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì yá ti bàbá rẹ̀ lò.

Oògùn kan kò lè fa gbòǹgbò àìsàn yìí tu bí kò ṣe kí ọmọ àti ibi ọmọ jáde. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37, dókítà kì í fẹ́ dúró mọ́. Bí kò bá tíì pé, wọ́n á máa wo ìyá wo ọmọ, ṣùgbọ́n bí ewu bá pọ̀, wọ́n á gbẹ̀bí rẹ̀ ṣáájú àkókò. Ìyàwó wa bí ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Kì í ṣe ìbejì.

Àwọn kan á bi wá pé, ilé agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ńkọ́, ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? A kò bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọwọ́ wọn tutù, àdúrà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ ní ohun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀? Kò sí ọwọ́ tó lè fi kíkàn lásán mọ 148/98. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, kí aboyún rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, márùn-ún nínú rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Ẹ ti rí ìdí rẹ̀: ìgbà yẹn ni nọ́ńbà ń sáré jù.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ ilé kò mọ̀. Bí ọmọ bá ti dé, a máa ń sọ pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ rọra ná. Lẹ́yìn ìbí, ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹfà ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ga jù, gìrì sì lè mú ìyá ọmọ tí kò ní gìrì nínú oyún. Ìgbà wo nìyẹn nílé wa? Ìgbà tí à ń múra ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ ni! Ata ń bẹ lórí ọlọ, àlejò ń wọlé, ìyá ọmọ kò rí oorun sùn. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, ta ni yóò fetí sí i?

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ti dé ilé, ìyàwó tún ní orí ń fọ́ òun. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bi í mọ́ bóyá oòrùn ni. Ó ní, "Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀." Wọ́n padà lọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 162/108. Ọ́sípítù ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, láìsí ìlù, láìsí kánópì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, títí nọ́ńbà fi wálẹ̀ sí 122/78.

Kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ má ju káàdì rẹ̀ nù. Ẹni tó ti ní pre-eclampsia rí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn lè wá bá a lọ́jọ́ iwájú ju ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà kí ó máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ bímọ mọ́. Bó bá sì tún lóyún, kí ó mú káàdì àtijọ́ náà lọ kí oṣù kẹta tó parí. Dókítà lè fún un ní aspirin kékeré tí yóò máa lò lójoojúmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ 12, èyí tó ń dín ewu kù. Kì í ṣe aspirin ńlá tí a ń lò fún ẹ̀fọ́rí, kò sì gbọdọ̀ dá a rà. Wọ́n tún lè fún un ní oògùn calcium, pàápàá níbi tí èèyàn kì í ti í mu wàrà, tí wọn kì í sì í jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegun teegun. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ni ó mú káàdì àtijọ́ wá ṣe, kí ó ṣí i, kí ó fi ìka lé ibi tí a kọ 166/112 sí.